Èènì Inú Mẹ́mọ́rì

Ní Ìsẹ́yìn, bí o bá béèrè Misturat tó ń ta mẹ́mọ́rì, àwọn èèyàn á kàn máa wò ọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá ní Ìyá Ayọ̀ Aláìléènì lò ń wá, wọ́n á mú ọ dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Orúkọ náà kò dùn mí rí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwọn tó sọ mí bẹ́ẹ̀ rò pé gàrí ni mẹ́mọ́rì.

Ẹni tó bá ra gàrí, tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n fún un tán, á máa retí kí wọ́n bu díẹ̀ lé e. Èènì nìyẹn. Èmi náà ń gbà á lọ́jà, ẹnikẹ́ni kò sì tó bẹ́ẹ̀ kó fi dù mí. Gàrí tí wọ́n bù lé gàrí kò pa ti ìsàlẹ̀ lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí rédíò àti fóònù tó ń lo mẹ́mọ́rì dé, àwọn ará wa gbé àṣà yìí wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní káàdì tí kò bá ti ní orin tàbí wáàsí nínú, òfìfo ni, ẹni tó tà á sì ti rẹ́ àwọn jẹ. Débọ́lá tó wà ní òdìkejì títì kì í ta káàdì kí orin má kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ààyè ni wọ́n wá rà, òun sì ti fi orin dí gbogbo ààyè náà kí wọ́n tó dé ilé. Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Bí ẹnìkan bá wá yọ mí lẹ́nu jù, mo máa ń ju orin mẹ́ta sínú tirẹ̀, kí n lè rímú mí.

Ìbéèrè tí èmi máa ń bi oníbàárà kí n tó ta ohunkóhun fún un ni pé, "Inú kí ló ń lọ?" Mẹ́mọ́rì kì í ṣe ohun tí a kàn ń fojú mú. Ọlátúnjí tó ń bá èèyàn tẹ ìwé nítòsí garéèjì wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní kọ̀ǹpútà òun ti ń rìn bí ìgbín, kí n fún òun ní mẹ́mọ́rì tó lágbára jù. Mo ní kó lọ tú u, kó mú ti inú rẹ̀ wá kí n wò ó. Ó ní ẹjọ́ mi ti pọ̀ jù, ó lọ rà á níbòmíràn. Mẹ́mọ́rì kọ̀ǹpútà ní ibì kan tí wọ́n gé díẹ̀ létí rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé yẹn gbọ́dọ̀ ṣe déédéé pẹ̀lú ibi tó yọ sókè nínú kọ̀ǹpútà, kí ti àtijọ́ má baà wọ inú tuntun, kí tuntun náà má sì wọ inú ti àtijọ́. Nígbà tí Ọlátúnjí rí i pé kò wọlé, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tì í bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn. Ó wọlé lóòótọ́. Kọ̀ǹpútà náà kò sì tíì jí títí di òní.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Mujeebat lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó gbé kámẹ́rà rẹ̀ dání wá. Ọmọ Ìgànná ni, ìyá rẹ̀ ń ṣe gàrí níbẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti kú ní kété lẹ́yìn Iléyá tó kọjá. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi fọ́tò yíyà jẹun, níbi ìsọmọlórúkọ àti wòlímọ̀. Kámẹ́rà náà ti darúgbó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Muhydeen, ló fún un nígbà tí òun ra tuntun. Káàdì inú rẹ̀ kéré débi pé kí àlùfáà tó pe orúkọ ọmọ tán, ó ti kún. Ṣe ni Mujeebat á máa pa fọ́tò àná rẹ́ kó tó rí ààyè ya ti òní.

"Àǹtí, èyí tó tóbi jù nínú gbogbo ẹ̀ ni mo fẹ́," ó ní.

"Ta ló sọ fún ẹ pé kámẹ́rà yìí lè gbé e?"

"Ṣé kì í ṣe èyí tó bá tóbi ló dáa ni?"

N kò bá a jiyàn. Mo ki èyí tó tóbi jù bọ inú kámẹ́rà lójú rẹ̀. Kámẹ́rà ní òun kò mọ̀ ọ́n. Mo yọ ọ́, mo ki èyí tí wọ́n kọ méjìlélọ́gbọ̀n sí lára bọ̀ ọ́, kámẹ́rà gbà á. Mo sọ fún un pé bí nọ́ńbà ara káàdì bá ti kọjá ìyẹn, irú kámẹ́rà àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í lè kà á. Kì í ṣe pé káàdì náà burú, wọn kò kàn jọ bá ara wọn mu ni. Mo ní kó ya fọ́tò kan, kó wò ó, kó tó sọ pé òun ti ra nǹkan. Ó ya ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín.

Ó wá ní kí n gba káàdì kékeré náà mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà la máa ń ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ tuntun á fi ti àtijọ́ lé owó, èmi á sì ta ti àtijọ́ fún àwọn olórédíò, nítorí àwọn kò nílò ààyè ńlá.

"Ṣé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀?" mo bi í.

"Kò sí, mà. Inú kámẹ́rà ni fọ́tò mi wà."

Ó yọ káàdì, ó tẹ kámẹ́rà, ó sì fi hàn mí. Lóòótọ́, fọ́tò bíi mélòó kan jáde, Muhydeen àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí pápá bọ́ọ̀lù. Irú àwọn kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ ní ibi kékeré kan nínú ara wọn tí wọ́n máa ń fi fọ́tò sí bí káàdì kò bá sí níbẹ̀. Ìwọ̀nba ìyẹn ló rí, ó sì rò pé ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Oníbàárà mìíràn ti dúró sí mi lẹ́yìn, ó ń gbọn ṣaja létí mi, n kò sì tú ọ̀rọ̀ náà wò mọ́. Kí Mujeebat tó jáde, ó béèrè èènì. Mo wò ó. Ó tún rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí Iléyá ọdún yìí ku díẹ̀, ó padà wá. Kò kí mi. Ó gbé kámẹ́rà lé orí káńtà, ó sì bú sẹ́kún.

Nígbà tí ẹkún náà rọlẹ̀, ó ro ọ̀rọ̀ náà fún mi. Bàbá rẹ̀ tó kú, Ràsáàkì, kì í rẹ́rìn-ín. Gbogbo Ìgànná ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Bí àwọn onílù bá ti bẹ̀rẹ̀ níbi ìyàwó, á gbé bàtà rẹ̀, ó di ilé. Bí wọ́n bá gbé kámẹ́rà sókè, á yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí wọ́n yà sára káàdì ìdìbò rẹ̀, ó dijú nínú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ìyá Mujeebat nìkan ló máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n. Bàbá yín ń rẹ́rìn-ín." Wọ́n á ní irọ́ ni, pé Màámi fẹ́ràn ọkọ wọn ju òótọ́ lọ. Àfi ìgbà tó di Iléyá tó kọjá, tí àgbò já fìlà gbà lórí bàbá náà tó sì ń jẹ ẹ́ lójú rẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Mujeebat nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó sì tẹ kámẹ́rà. Bàbá ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i nígbà tí òun ṣì wà láyé. Ọmọ náà pa á mọ́, ìyá rẹ̀ nìkan ló fi hàn, lójú kámẹ́rà. Kò tẹ̀ ẹ́ jáde, kò fi ránṣẹ́ sí fóònù ẹnikẹ́ni. Kò pẹ́ sí i ni ẹ̀jẹ̀ ríru pa bàbá.

"Ìyá mi ti sọ fún gbogbo wọn, Àǹtí," ó ní. "Wọ́n ní kí n lọ tẹ fọ́tò yẹn ní ńlá, àwọn máa gbé e kọ́ sí pálọ̀ kí Iléyá tó dé. Wọ́n ní gbogbo ọmọ ló máa wá rí i pé àwọn ò purọ́ mọ́ ọkọ àwọn. Inú káàdì tí mo fi lé owó fún yín ló wà. Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún wọn?"

Inú bí mi. Mo ti bi í, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò gba kí èèyàn pariwo mọ́ ọn. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo sì fi pa gbogbo ohun tó wà nínú káàdì náà rẹ́, láìwò ó, kí n tó tà á. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọ eegun.

Mo ní kó jókòó, kó nu ojú rẹ̀ nù. Mo sọ fún un pé fọ́tò tí a bá pa rẹ́ nínú káàdì kì í tíì lọ. Ibi tó wà ló ṣì wà, a kàn ti sọ fún káàdì pé ibẹ̀ ti ṣófo ni. Ohun tó ń pa fọ́tò bẹ́ẹ̀ pátápátá ni nǹkan mìíràn tí wọ́n bá gbé lé e lórí. Bí a bá rí káàdì náà, bí wọn kò bá tíì kó nǹkan púpọ̀ sínú rẹ̀, ó ṣeé yọ.

"Ta lẹ tà á fún?"

N kò ní láti ronú rárá. Kò sí ẹni tó bú mi nínú ayé yìí tó ẹni tó ra káàdì yẹn. Ògúndèjì ni, àgbẹ̀ tó ń gbin àgbàdo àti iṣu ní Okaka. Gbogbo ọjọ́ tó bá kó ọjà wá sí Ìsẹ́yìn, á dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù mi, á kígbe kí àwọn ọlọ́jà tó kù lè gbọ́: "Aláìléènì! Orin mẹ́ta! Ṣé o ò tijú?" Bí ó bá ti gbé káàdì náà lọ bá Débọ́lá pé kó bá òun kún un, ó ti parí.

Mo kó káàdì mìíràn sí àpò, mo ti ṣọ́ọ̀bù, a gun ọ̀kadà. Ilẹ̀ pupa ọ̀nà ọ̀hún bò wá débi pé nígbà tí a dé oko Ògúndèjì, ewúrẹ́ rẹ̀ sá fún wa. A gbọ́ orin kí a tó rí i. Ó ti fi rédíò rẹ̀ kọ́ sára ẹ̀ka igi òrí, ó ń roko lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ó gbójú sókè. "Aláìléènì! Ṣé o gbé orin mi tó kù wá ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ṣé ẹ ti mú mẹ́mọ́rì yín lọ fún ẹlòmíràn kó fi orin kún un?"

"Kí n mú un lọ fún ta ni?" Ó fi ọkọ́ gúnlẹ̀. "Ìwọ lo jẹ mí lórin, ọwọ́ ẹ ni màá ti gbà á. Mẹ́ta yìí ni mo ń gbọ́ láti ìgbà tí mo ti rà á. Ìyàwó mi ti mọ̀ ọ́n sórí. Kí n má purọ́, àwọn ẹyẹ oko yìí gan-an ti mọ ibi tí wọ́n ti ń gbè é."

Inú mi kò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí pé ẹnìkan dì mí sínú. Rédíò kì í kọ nǹkan sínú káàdì, kíkà nìkan ló ń kà á. Bí mo ṣe ju orin mẹ́ta yẹn sínú rẹ̀ náà ló ṣe wà.

Mujeebat kúnlẹ̀ sínú ebè, ó sì ro ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún un, láti orí àgbò títí dé orí Iléyá tó ń bọ̀. Ògúndèjì pa rédíò, ó yọ káàdì náà, ó fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Èmi náà ò rí fọ́tò bàbá mi kan ṣoṣo." Ó wá yíjú sí mi. "Ṣùgbọ́n èmi ò ní í gba òfìfo o!"

Mo ti mọ irú ẹni tí mo ń bọ̀ wá bá. Káàdì tí mo kó sápò, mo ti dán an wò nínú irú rédíò rẹ̀ kí n tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, mo sì ti da orin àti ewì sínú rẹ̀ dé ẹnu. Ó dùn mí nígbà tí mo ń ṣe é, bí ẹni pé wọ́n ń fa eyín mi yọ. Ògúndèjì ki í bọ rédíò, ó tẹ̀ ẹ́ láti orin kan dé òmíràn, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, kò rí òpin rẹ̀.

"Ṣé o rí i báyìí pé o mọ̀ ọ́n ṣe," ó ní.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fa ohun kékeré tí wọ́n fi ń tì í, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà, sísàlẹ̀, kí ohunkóhun má lè wọ inú rẹ̀ mọ́. Mo wá ki í bọ kọ̀ǹpútà, mo sì jẹ́ kó máa wá a. Ó ń ṣa á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Àwọn ọmọ tuntun jáde. Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ jáde, àti obìnrin kan tó gbé wàláà. Àwọn mìíràn kò ṣí rárá, orin ti gbà wọ́n mọ́lẹ̀. Mujeebat di àga mú lẹ́yìn mi.

Bàbá Ràsáàkì jáde.

Orí rẹ̀ kò ní fìlà. Ojú rẹ̀ ti há nítorí ẹ̀rín, ẹnu rẹ̀ là gbàgà, eyín kan ti ká níwájú. Ibi àgbọ̀n rẹ̀ ni fọ́tò náà dúró sí. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, ó funfun bí eérú, kò sí aṣọ, kò sí ọwọ́, kò sí àgbò. Nítorí pé Mujeebat a máa pa fọ́tò rẹ́ nígbà gbogbo láti wá ààyè, kámẹ́rà kò rí ibi gbọọrọ kan gbé èyí sí. Apá kan ló fi síhìn-ín, ó fi ìyókù sọ́hùn-ún. Orí ìyókù yẹn ni ọ̀kan nínú orin mẹ́ta ọ̀hún dúbúlẹ̀ sí.

"Ká ní mo fi ẹyọ orin kan kún mẹ́ta yẹn ni," mo ní, "ẹ̀rín ẹnu wọn náà ì bá ti lọ."

Mujeebat ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èyí tí ì bá mú. Èmi náà nu ojú mi, mo ní eruku Okaka ni. Gbogbo àwọn tó ń pè mí ní ahun, ká ní wọ́n wà níbẹ̀ ni, ǹ bá bi wọ́n pé ọwọ́ ta ló wù wọ́n kí káàdì yẹn bọ́ sí, ọwọ́ èmi ni àbí ti Débọ́lá.

A tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, a fi sínú férémù. Mo ní èmi náà yóò bá a lọ sí Ìgànná, nítorí kò ní í rọrùn fún un láti dá nìkan ṣàlàyé ibi tí ìdajì bàbá rẹ̀ wọlé sí. Àwọn ọmọ ti dé láti Ìbàdàn. Muhydeen wà níbẹ̀, àti àwọn ẹ̀gbọ́n obìnrin rẹ̀, ilé kún. Ìyá wọn, Àdìjátù, wà nídìí agbada, ó ń yan gàrí. Nígbà tó rí férémù, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ fọ ọwọ́ rẹ̀ títí dé ìgúnpá kó tó gbà á.

Ó wò ó. Ó fi àtàǹpàkò kan ẹnu ọkọ rẹ̀ lórí dígí náà.

"Òun rèé," ó ní. Ó gbé e yí sí àwọn ọmọ. "Ẹ wá wò ó."

Wọ́n sún mọ́ ọn. Muhydeen ní, "Bàbá nìyí?" bí ẹni tó ń béèrè àlejò.

Ìyá náà gbé fọ́tò padà sí àyà rẹ̀, ó tún wò ó. "Àgbò ńkọ́?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. Orin ló bò ó. Èmi ni mo gbé orin náà lé e lórí, n kò mọ̀ pé bàbá wà lábẹ́ rẹ̀." Mujeebat ti sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un.

"Ìwọ ni Aláìléènì?"

"Èmi ni, mà."

"Ọpẹ́lọpẹ́ ọwọ́ líle ẹ." Ó fà mí dìde. "Orin kí ni?"

Ojú tì mí gidigidi. Ká ní wáàsí ni, ì bá yẹ ẹni tó lọ. Ṣùgbọ́n orin àwọn ọmọ tó ń jó níta ni, èyí tó jẹ́ pé bí Ràsáàkì bá gbọ́ ọ, á gbé bàtà rẹ̀. Mo ní kò dáa láti dárúkọ rẹ̀ nínú ilé mùsùlùmí. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Ó wà nínú fóònù mi. Mo tẹ̀ ẹ́.

Ìlù náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ń wo ara wọn, Muhydeen nawọ́ pé kí n pa á. Ìyá náà tẹ́tí, ó gbé fọ́tò lé àyà. Nígbà tó yá, mo rí i tí èjìká rẹ̀ kan ń gbéra, tí ìkejì ń tẹ̀lé e.

"Ó ń jó nìyẹn," ó ní. "Gbogbo ibi tí orin yìí bò yẹn, ijó ló ń jó níbẹ̀." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Bí ilẹ̀kùn bá ti tì, tó bá ku àwa méjèèjì, bàbá yín a máa jó."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ọmọ kankan tó bá a jiyàn.